Bí Omi Àpò Bá Dàrú: Ìbéèrè Yín Lórí Dàyálísíìsì Inú Ikùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kíndìnrín màmá wa ti dáṣẹ́ sílẹ̀, àpò omi la sì fi ń ṣe dàyálísíìsì (fífọ ẹ̀jẹ̀ mọ́) fún wọn nílé: ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ la ń gba inú rọ́bà tí wọ́n fi sí ikùn wọn da omi àtijọ́ jáde, tí a sì ń fi tuntun sí i. Láàárọ̀ òní, omi tó jáde nínú ikùn wọn kò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú ń run wọ́n díẹ̀, àmọ́ ara wọn kò gbóná. Ṣé a lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí wọ́n máa rí dókítà?

Ìdáhùn: Ẹ má dúró rárá, òní ni kí ẹ pe ilé ìwòsàn. Omi tó ń jáde gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Ẹ gbé àpò náà lé ìwé ìròyìn: bí ẹ kò bá rí lẹ́tà rẹ̀ kà láti inú omi, ó ti dàrú nìyẹn, kí ẹ sì kà á sí pé kòkòrò àrùn ti wọ inú ikùn títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má tìtorí pé ara wọn kò gbóná fọkàn balẹ̀. Ibà lè má sí. Ẹ má da omi náà nù, ẹ gbé e dání lọ. Wọ́n máa ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun inú rẹ̀. Bó bá ju 100 lọ nínú máíkírólítà kan, tí èyí tó ju ìdajì sì jẹ́ irú tó máa ń kọ́kọ́ sáré wá bá kòkòrò jà, inú àpò omi gan-an ni wọ́n sábà máa ń po oògùn apakòkòrò sí. Ìdádúró lè ba awọ inú ikùn tó ń ṣe iṣẹ́ kíndìnrín jẹ́, ó sì lè di dandan kí wọ́n yọ rọ́bà náà.

Àsìkò tí ẹ bá ń so àpò mọ́ rọ́bà ni kòkòrò sábà máa ń ráyè wọlé. Torí náà, ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù, ẹ wọ ìbòmú, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ dáadáa, nítorí ọwọ́ tútù máa ń gbé kòkòrò. Ooru gbígbẹ ni kí ẹ fi mú àpò lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ má rì í sínú omi gbígbóná, ẹ má sì gbé e sínú máíkírówéèfù. Lẹ́yìn tí omi àtijọ́ bá ti jáde tán, ẹ jẹ́ kí omi tuntun díẹ̀ ṣan rọ́bà lọ sínú àpò ìdọ̀tí kí ẹ tó ṣí kílípì ọ̀nà tó lọ sínú ikùn. Bí ẹnu rọ́bà bá kan ohunkóhun, àní ìka yín, ẹ ti kílípì rẹ̀ pa, ẹ má fa omi wọlé, ẹ pe nọ́ọ̀sì.

Ìbéèrè: Omi lítà 2 ń wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ kì í fẹ́ jáde mọ́. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ìgbà wo lẹ yàgbẹ́ gbẹ̀yìn? Ìfun tó kún máa ń tẹ rọ́bà tàbí kó tì í kúrò ní ààyè rẹ̀. Ẹ béèrè oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ lọ́wọ́ dókítà. Ẹ má ra èyí tó ní magnesium tàbí phosphate, torí kíndìnrín yín kò lè tú wọn dànù. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ wò ó bóyá rọ́bà ti ṣẹ́po, kí àpò ìdọ̀tí wà nílẹ̀, kí ẹ sì yí ara padà. Bí ẹ bá rí okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ nínú omi, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n lè fi heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sínú àpò.

Ìbéèrè: Ẹsẹ̀ mi wú, dókítà ní kí n máa lo àpò dàyálísíìsì tí ṣúgà inú omi rẹ̀ jẹ́ 4.25% lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Kí ló dé tí ṣúgà ara mi ń ga sí i?

Ìdáhùn: Ṣúgà inú àpò ló ń fa omi jáde lára, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń wọ ẹ̀jẹ̀. Àpò lítà 2 ti 1.5% ní ṣúgà gíráàmù 30, ti 4.25% ní 85. Ẹ dín iyọ̀ kù, kí àpò líle, ìyẹn èyí tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀, má bàa pọ̀. Ẹ wọn ara yín láràárọ̀. Bí ìwọ̀n bá já wálẹ̀ lójijì tí òòyì sì ń kọ́ yín bí ẹ bá dìde, omi tí ẹ ń fà ti pọ̀ jù, ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó so àpò líle mìíràn.