Kó o tó pa CSM, yẹ dísíìkì ẹ wò ná

Àbúrò mi tó wà ní Ṣàgámù, o ní Valorant, géèmù orí kọ̀ǹpútà yẹn, ń gbé àṣìṣe VAN9003 jáde (pé Secure Boot ò sí ní títàn), lo bá wọ BIOS, ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, o pa CSM, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tan lọ́nà àtijọ́, o tan Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tó ń tan kọ̀ǹpútà wò, ni kọ̀ǹpútà bá ní òun ò rí Windows mọ́. Fọkàn balẹ̀. Fáìlì ẹ ò sọnù. Padà sínú BIOS, pa Secure Boot, tan CSM, Windows á wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀.

Ojú tèmi náà ti rí i. Kọ̀ǹpútà tókúnbọ̀ ni mo rà, mo gbé e délé n'Ìjẹ̀bú-Òde, àbúrò mi ọkùnrin sì ti ń fò sókè. Windows 11 ni ẹni tó tà á fi sí i, lórí Windows 11 sì rèé, Valorant ò ní gbà fún ẹ láìsí TPM 2.0 (ohun tó ń pa kọ́kọ́rọ́ ààbò kọ̀ǹpútà mọ́) àti Secure Boot. Mo pa CSM. Skríìnì ṣú dùdù, lẹ́tà funfun díẹ̀ lókè. Mo gbé e lọ bá oníṣẹ́ kan, ó ní òun máa fọ gbogbo ẹ̀ dànù, kí n mówó wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ò sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, òun ló yọ mí.

Lórí MBR, ètò àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín dísíìkì, ni dísíìkì mi ṣì wà. CSM ló ń bá a gbé e. Tó o bá pa CSM, UEFI, ọ̀nà tuntun tí kọ̀ǹpútà ń gbà tan, nìkan ló kù, GPT, ètò dísíìkì tuntun, lòun sì ń wá. Tẹ Windows pẹ̀lú R, kọ msinfo32, wo BIOS Mode. Bó bá jẹ́ Legacy, tìẹ náà nìyẹn.

Kó fáìlì tó ṣe pàtàkì sórí fláàṣì. Bí BitLocker, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti dísíìkì, bá wà ní títàn, da kọ́ọ̀dù recovery onínọ́ńbà 48 kọ sínú ìwé kó o tó dá a dúró. Mo ní ìwé o, kì í ṣe sórí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà! Ṣí Command Prompt, ibi tá a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, pẹ̀lú Run as administrator, kọ mbr2gpt /validate /allowFullOS, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dísíìkì náà ṣeé yí sí GPT. Bó bá ní kò sí wàhálà, fi /convert rọ́pò /validate, kó yí MBR sí GPT. Má dán an wò nígbà tí iná bá ń ṣẹ́jú.

Ìgbà yẹn ni kó o tó lọ pa CSM, kó o tan Secure Boot. TPM ń jẹ́ PTT lórí Intel, fTPM lórí AMD.

Tèmi ṣiṣẹ́, inú wa dùn. NEPA mú iná lóru. Nígbà tó dé, VAN9003 tún yọjú. Mo wo aago kọ̀ǹpútà, ó ti padà sí ọdún tó ti kọjá lọ tipẹ́. Bátìrì CR2032 tó wà lórí bọ́ọ̀dù, pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀, ló ti kú, gbogbo ètò BIOS sì ti tú. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún aago ọwọ́ ṣe lọ́jà ni mo ti rí òmíì rà. Bí aago tìẹ náà bá ń padà sẹ́yìn, pààrọ̀ ẹ̀ kó o tó tún tan Secure Boot.