Ocarina wo ni kí n rà fún ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kubwa là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ló ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ ocarina, fèrè kékeré oníkùn yẹn, orí YouTube ló ti rí i. Mo rí kan tó dà bí ẹyẹ níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọ̀ṣọ́ ní Wuse, amọ̀ ni, ihò mẹ́rin, kò wọ́n. Èkejì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, rọ́bà ni, ihò méjìlá, owó ẹ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ máa fi fọn. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Onírọ́bà yẹn ni kí ẹ rà, tó bá sáà ti jẹ́ Alto C, ìyẹn èyí tí do ẹ̀ jẹ́ C.

Ṣé ẹ rí fèrè gígùn, irú sarewa táwọn Hausa ń fọn, bí ìka bá ṣe ń ṣí láti ìsàlẹ̀ wá sókè ni ohùn ń ga. Ocarina ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ikùn ló ní, gbogbo afẹ́fẹ́ inú ikùn yẹn ló ń mì pọ̀, torí náà bí ihò tí ẹ ṣí bá ṣe fẹ̀ tó lápapọ̀ ni ohùn ẹ̀ á ṣe ga tó, ibi tí ihò wà ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ihò mẹ́rin péré fi lè gbé do dé do òkè, torí ihò yẹn ò tóbi bákan náà, wọ́n kàn ń ṣí wọn pọ̀ lóríṣiríṣi ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibẹ̀ náà ló parí sí o, kò sí pé ẹ fọn ún líle kó fò bọ́ sí ohùn òkè bíi ti fèrè. Giuseppe Donati, ará Budrio ní Ítálì, ló ṣe oníhò mẹ́wàá ní 1853, Japan ni wọ́n ti wá fi ihò kéékèèké méjì kún un, ìka tó ń bo ihò ńlá náà ló ń bò wọ́n, ìyẹn ló jẹ́ kó lè dé la ìsàlẹ̀ kó sì tún gùn dé fa òkè.

Èémí gan-an ni iṣẹ́ ibẹ̀. Tí ọmọ yín bá fẹ́ ẹ líle ohùn á ga sí i, tó bá rọ̀ ọ́ á wálẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ń fẹ́ jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn ń fẹ́ ògì gbígbóná tí kò fẹ́ kó ta sílẹ̀, ti òkè ń fẹ́ agbára. Tí wọ́n bá gbé e dé, kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí tuner lórí fóònù, ìyẹn áàpù tó ń sọ bí ohùn ṣe ga tó, kó fọn ún láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó máa fi èémí kún un díẹ̀díẹ̀. Tí méjì tó kẹ́yìn lókè bá ń ṣe fùù, kó tẹrí ba díẹ̀, tó bá ṣì ń ṣe fùù ẹ dá a padà.

Amọ̀ ò sọ pé ohùn máa dáa ju rọ́bà lọ, etí ihò ẹnu ẹ̀ tó ń gé afẹ́fẹ́ téèyàn fẹ́ sí i ló ṣe pàtàkì. Ó sì ń wù mí gan-an kí àwọn amọ̀kòkò Gwari wa, ará Ladi Kwali, obìnrin amọ̀kòkò tó wà lára náírà 20, gbìyànjú ẹ̀ wò, ṣùgbọ́n amọ̀ máa ń súnkì nínú iná, ohùn á sì ga ju bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n lọ, ó gba kéèyàn mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Lásìkò ọyẹ́, pàápàá tí ẹ bá gbé e lọ sí Jos, èémí gbígbóná á di omi nínú ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ohùn á kàn dákẹ́. Kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì mú un kó lọ́wọ́ọ́wọ́, kó sì fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi náà jáde. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò nínú oòrùn Abuja o, rọ́bà á ká kò.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Orin tó bá lọ sí sol ìsàlẹ̀, kó gbé e sí kíì F, èyí tó bá gòkè kọjá do òkè, kó fi sí C.