Ṣé ìgbàgbọ́ mi kéré ni ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ọkàn fi ń bà mí?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékùmù, Àáfà. Ẹni ọdún 46 ni mí. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn mi ti bàjẹ́, dókítà sì ní àfi kí wọ́n la àyà mi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi ni oorun ti dá lójú mi. Wọ́n ní wọ́n máa dá ọkàn náà dúró kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní onígbàgbọ́ òdodo kì í bẹ̀rù, pé kí n lọ tún ìgbàgbọ́ mi ṣe. Ṣé lóòótọ́ ni? Bí mo bá wá kú síbẹ̀ láì sọ kálímà ńkọ́? Ìrun mi ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Wà àlékùmù sàlámù, arábìnrin mi. Kí Ọlọ́hun Ọba fún yín ní àlàáfíà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fà yọ, torí ó jọ pé ó dùn yín ju àìsàn náà lọ. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ kì yín láyà ni, àmọ́ ó ṣì í sọ. Nígbà tí Ọlọ́hun rán Ànábì Músá àti Hárúnà sí Fir'áónà, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Ohun tí Ọlọ́hun fi dá wọn lóhùn ni pé: "Ẹ má bẹ̀rù. Dájúdájú Mo wà pẹ̀lú yín, Mò ń gbọ́, Mo sì ń rí" (Súúrà Tọ́há, 20:46). Kò bi wọ́n pé ìgbàgbọ́ yín dà.

Mo ti jókòó ti bàbá kan lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n là á láyà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́sálásí wa ni, ẹni tí kì í pa sááfù iwájú jẹ. Ó ń fa tẹ̀sùbá, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń dún lára irin bẹ́ẹ̀dì. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ̀rù bà mí." Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn. Àwa tá a ń ṣe wáàsí la jẹ́ kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ rò pé ẹ̀rù jẹ́ ohun ìtìjú.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé ìwòsàn. Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, ló gbà á wá, ó sì wà nínú ìwé hàdíìsì Muslim. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣì kéré, ó ń bá àwọn ọmọdé ṣeré, nígbà tí Jibirílù wá bá a. Ó gbé e dùbúlẹ̀, ó la àyà rẹ̀, ó mú ọkàn rẹ̀ jáde, ó yọ ẹ̀jẹ̀ dídì kan kúrò nínú rẹ̀, ó fi omi Sámúsámù fọ̀ ọ́ nínú àwo góòlù, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù sáré lọ bá ìyá tó ń tọ́ ọ, wọ́n ní wọ́n ti pa Muhammad. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Anas sọ pé òun a máa rí ojú abẹ́rẹ́ náà ní àyà rẹ̀.

N kò sọ pé ọ̀kan náà ni iṣẹ́ mọlẹ́kà àti iṣẹ́ dókítà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù lọ nínú ẹ̀dá ní àpá ní àyà, àwọ̀ òun náà sì yí padà lọ́jọ́ náà.

Ní ti dídá ọkàn dúró, èdè wa wà lára ohun tó ń dẹ́rù bà yín. Ọkàn la ń pe ẹran tó ń lù láyà, ọkàn náà la tún ń pe ibi tí ìgbàgbọ́ ń gbé. Bí dókítà bá ti ní òun máa dá a dúró, ẹ̀mí ni etí wa ń gbọ́. Ẹran yẹn ni wọ́n máa fún nísinmi. Ẹ̀rọ kan ló máa gba ẹ̀jẹ̀ yín, á fi afẹ́fẹ́ sí i, á sì dá a padà sí ara ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ọdún 1953 ni dókítà John Gibbon kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn láṣeyọrí ní Philadelphia. Nígbà tó di 1974, wọ́n ti ń la ọkàn ní Enugu níbí. Ẹ̀mí ní tirẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Súúrà Sumáárì (39:42) sọ pé Ọlọ́hun ló ń gba ẹ̀mí nígbà ikú, Òun náà ló ń gba ti ẹni tí kò kú lójú oorun, tó sì ń dá a padà títí di àsìkò tí a ti dá fún un.

Torí náà, kí wọ́n tó fún yín lábẹ́rẹ́ tó ń múni sùn, ẹ ṣe kálímà yín, kí ẹ sì ṣe àdúà oorun tí ẹ ti ń ṣe láti ilé kéú: "Ní orúkọ Rẹ, Olúwa mi, ni mo fi ẹ̀gbẹ́ mi lélẹ̀. Bí O bá mú ẹ̀mí mi dúró, ṣàánú rẹ̀. Bí O bá dá a padà, ṣọ́ ọ." A ti gbé kálámù, ìyẹn gègé tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ ẹ̀dá sílẹ̀, kúrò lórí ẹni tó ń sùn títí yóò fi jí. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní kálímà tí ẹ kò lè sọ. Nígbà tí ẹ bá sì jí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá róbà wà lọ́nà ọ̀fun yín, kí ohùn yín má jáde. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, wọ́n máa yọ ọ́. Ẹ máa dárúkọ Ọlọ́hun nínú ọkàn yín.

Nípa ìrun, nínú mazhab (ọ̀nà ìlànà ẹ̀sìn) Ímáámù Máálíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, aláìsàn tó ń bẹ̀rù pé iyè òun máa ra nígbà tí àsìkò ìrun kejì bá wọlé lè kí méjèèjì pọ̀ ní àsìkò àkọ́kọ́: Àìlà pẹ̀lú Aláàsárì, Màgáríbì pẹ̀lú Ìṣáì. Ẹ ṣàkíyèsí i pé ẹ̀rù aláìsàn gan-an ni wọ́n fi ṣe àwíjàre fún un. Èyí tó bá kọjá yín lójú oorun, ẹ san án nígbà tí orí yín bá ti wálẹ̀. Bí omi ò bá ṣeé fi kan ara, ẹ ṣe tayamọ́mù, ìyẹn àlùwàlá oníyẹ̀pẹ̀. Bí ìdúró bá nira, ẹ jókòó. Bí ìjókòó bá nira, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi ohùn líle sọ. Àwọn ẹbí máa gbé omi Sámúsámù àti hántù (omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì tí wọ́n kọ sára wàláà) wá fún yín ní ìdájí ọjọ́ náà. Bí dókítà bá ti ní kí ẹ má fi nǹkan kan sẹ́nu, ẹ má mu ún. Ohun tó bá wà nínú ikùn lè gun òkè wá sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí ẹ bá ń sùn, ó sì lè pani. Bí ẹ bá ti ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà láìfi kan bò. Ẹ sọ ti ẹ̀rù yín náà fún wọn, kí ẹ sì bi wọ́n ní gbogbo ohun tí kò yé yín.

Ẹ kọ wàsíyà yín, ìyẹn ìwé ìhágún, sílẹ̀. Sunnah ni fún ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá, kì í pe ikú.

Lálẹ́, bí àyà yín bá tún ń já, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún lé e bí Ànábì ṣe kọ́ sàhábà rẹ̀, Usman ọmọ Abil-As. Ẹ ní "Bismillah" lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀méje: "Mo sá di Ọlọ́hun àti agbára Rẹ̀ kúrò níbi aburú ohun tí mò ń rí lára àti ohun tí mò ń bẹ̀rù." Ẹ̀rù wà nínú àdúà náà fúnra rẹ̀, Ànábì ló fi kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ti sọ àkókò tí wọ́n máa gbé yín wọ tíátà, ẹ ní kí ọmọ yín kan fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ wà lórí ẹní àdúà ní wákàtí yẹn.