Ṣé QPM lè rọ́pò ẹ̀wà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ológì ni mí ní Ìsánlú. Mo ra irúgbìn àgbàdo tí wọ́n ń pè ní QPM (Quality Protein Maize, àgbàdo tí purotéènì rẹ̀ dára jù). Ẹni tó tà á ní purotéènì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àgbàdo wa, pé bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá ń mu ògì rẹ̀, wọn ò nílò ẹ̀wà mọ́. Báwo ni kí yúríà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí purotéènì náà má baà dínkù?

Ìdáhùn: Òkun o, Ìyá. Ẹ fi yúríà sílẹ̀ ná. Irọ́ ni wọ́n pa fún yín, ìbéèrè yìí sì ti sú mi í dáhùn láti Kàbà dé Mọ̀pà. Purotéènì QPM kò pọ̀ ju ti àgbàdo yòókù lọ. Nǹkan bíi gíráàmù 9 sí 10 nínú 100 náà ni. Irú purotéènì ọ̀hún ló yàtọ̀. Láísìn, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì, tí ara ọmọ fi ń dàgbà, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì nínú rẹ̀. Ọdún 1964 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Purdue, l'Amẹ́ríkà, kéde èyí lára irú àgbàdo kan tí wọ́n ń pè ní opaque-2. Hóró tọ̀hún rọ̀ jù, kòkòrò ń jẹ ẹ́, kí àwọn onímọ̀ méjì, Surinder Vasal àti Evangelina Villegas, tó tún un ṣe di QPM ní Mẹ́síkò.

Yúríà lè fi kún purotéènì lóòótọ́, bí ilẹ̀ bá ti ṣá, ṣùgbọ́n zein, irú purotéènì kan nínú àgbàdo, ló ń pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tí láísìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀. N kò rí ilẹ̀ yín, n kò ní dá iye àpò.

Oko aládùúgbò ni kí ẹ ṣọ́. Àbùdá yìí gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wá. Bí atẹ́gùn bá gbé lẹ́búlẹ́bú àgbàdo lásán wá sórí irun ọmọ àgbàdo yín, hóró tó bá gbà á ti di lásán lọ́dún yìí gan-an. Ẹ fi nǹkan bíi mítà 200 jìnnà sí tiwọn, tàbí kí ẹ gbìn ín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn wọn. Àárín oko ni kí ẹ ti mú irúgbìn, kì í ṣe etí.

Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ má yọ ọ́ o! Nígbà tí ẹ bá ń sẹ́ ògì, ọ̀pọ̀ ojú hóró (ibi tó ti ń hù), níbi tí láísìn pọ̀ sí jù, ń bá èèrí lọ. Ẹ lọ sóyà mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ ọmọ kan nínú wọn bá ti ń wú, tí irun rẹ̀ ń pọ́n, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ẹ má dúró de ìkórè.