Omi ewé kíkan tí mo fi ba ojú ara mi jẹ́

Àbúrò mi, o ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí o ti ń fi omi ewé kíkan tí o pò fúnra rẹ pa ojú, pé kókó wẹ́wẹ́ tó ń yún ti bo iwájú orí rẹ, àwọn kan sì ní kí o fara dà á, pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Jọ̀ọ́, dá a dúró lónìí. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá.

Èmi náà rẹ ewé tíì àti ewé àlóò pẹ̀lú ṣúgà sínú ìgò, mo dé e fún ọjọ́ méjìlá. Nígbà tó hó, tí òórùn kíkan ń jáde nínú rẹ̀, inú mi dùn. Mo rò pé àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó wà láàyè níbẹ̀ ni yóò tún awọ mi ṣe. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ojú ń dán. Ìkejì, ó ń ta mí bí ata, mo ní ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀dẹ̀ ni mí nígbà yẹn! Nígbà tó di ìkẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bó, omi ń sun lára rẹ̀. Nígbà tí mo wá sọ òótọ́ fún dókítà awọ ara, ó ní kí n kó gbogbo nǹkan jù nù, kí n máa lo ọṣẹ tí kò lóòórùn àti fasilín nìkan. Oṣù méjì kí ó tó san. Àpá dúdú tó fi sílẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí awọ dúdú kì í tètè gbàgbé ibi tó ti wú.

Omi ewé kíkan tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún ojú yàtọ̀. Ìwúkàrà tàbí bakitéríà tí wọ́n yàn, tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, bíi Saccharomyces tàbí Lactobacillus, ni wọ́n fi sínú oje ewé. Yóò jẹ ṣúgà inú rẹ̀, yóò tú àwọn èròjà ńláńlá sí kéékèèké, bakitéríà yìí yóò sì fi lactic acid, ásíìdì tó ń mú nǹkan kan, sílẹ̀. Wọ́n á wá sẹ́ ẹ títí kòkòrò náà yóò fi kúrò, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní filtrate. Wọ́n á wọn pH rẹ̀, ìyẹn bó ṣe kan tó, wọ́n á sì fi èròjà tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ sí i. Nínú ìgò tèmi, afẹ́fẹ́ àti ọwọ́ mi ló yan ohun tó hù níbẹ̀. Asẹ́ ilé ò lè dá bakitéríà dúró, imú ò sì lè mọ èyí tó léwu.

Ní ti "ìdọ̀tí ló ń jáde" yẹn, retinoid (èròjà tó jẹ mọ́ fítámì A) àti àwọn ásíìdì tó ń mú kí awọ tètè pààrọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́ nípa wọn. Kókó tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, tó sì ń yún, lè jẹ́ ti Malassezia, irú ìwúkàrà kan tó ń gbé lára gbogbo èèyàn. Oògùn irorẹ́ lásán kì í ran ìyẹn.

Ọdún kan kọjá kí n tó tún dán an wò, èyí tí wọ́n ṣe dáadáa. Mo fi sí inú apá láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje kí n tó fi kan ojú, mi ò sì fi ohun tuntun mìíràn kún un. Ó mú awọ mi rọ̀, gbígbẹ ọ̀sán dínkù. Kò pa àpá kankan rẹ́ o! Ìpara tó ń dènà oòrùn àti sùúrù ló ṣe ìyẹn.

Bí o bá fẹ́ rà, má jẹ́ kí "90% filtrate" tàn ọ́, omi ló pọ̀ jù nínú filtrate fúnra rẹ̀. Phenoxyethanol, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́, kì í ju 1% lọ lábẹ́ òfin ilẹ̀ Yúróòpù. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ sára ìgò, nítorí náà ohun tí wọ́n bá kọ sẹ́yìn rẹ̀, táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sí i.

Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ, dà á nù. Bí kókó yẹn kò bá lọ, rí dókítà awọ ara, kí o sì sọ ohun tí o pò fún un. Ojú tì mí, mo fi tèmi pa mọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo sì fi lo oògùn tí kì í ṣe ti ohun tó ń ṣe mí.