Ǹjẹ́ Ewé Lè Jẹun Bí Gbòǹgbò? Ìbéèrè Ẹ̀yin Àgbẹ̀ àti Ìdáhùn Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Agbègbè Ìsẹ́yìn ni mo ti ń dáko. Àgbàdo mi hù dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìlà funfun gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára àwọn ewé tuntun, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì egungun àárín ewé, láti ìdí lọ sókè. Ẹni tó ń ta oògùn oko fún mi ní zinc sulphate, ó ní kí n pò ó mọ́ omi kí n sì fín in sí ewé. Ọ̀sán gangan ni mo fín in. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, etí ewé ti jóná, ìlà funfun náà kò sì lọ. Gbòǹgbò ni mo mọ̀ pé ohun ọ̀gbìn fi ń jẹun. Ṣé òótọ́ ni pé ewé lè mu nǹkan, àbí wọ́n kàn gba owó mi ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ìnáwó. Wọn kò tàn yín jẹ. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ àìtó síńkì (zinc) gan-an, ìyẹn èròjà oúnjẹ ohun ọ̀gbìn tó wà nínú zinc sulphate yẹn, nítorí pé ewé tuntun ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nitrogen, èròjà oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mìíràn, ni kò tó, ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ pọ́n, láti ṣóńṣó rẹ̀ wá. Ewé lè mu síńkì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé kéré, kì í sì í pẹ́ pa dé.

Ẹ da omi díẹ̀ sórí ewé kókò, ẹ ó rí i pé ńṣe ni yóò máa yí gbirigbiri, tí yóò sì já bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ewé náà tutù. Ohun tó dà bí ìda ló bo ojú ewé náà, kò sì sí ewé ohun ọ̀gbìn oko tí kò ní irú ìbora bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òmíràn kò nípọn tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí oòrùn fa omi inú ewé gbẹ. Síbẹ̀, àwọn ihò kan wà nínú ìbora yìí tí fífẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà kan lọ, ibẹ̀ sì ni síńkì, irin tàbí manganese tó ti yòrò nínú omi lè gbà wọlé. Díẹ̀ tún ń gba inú ihò tí ewé fi ń mí kọjá.

Yíyòrò yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Bí omi bá ti gbẹ tán lórí ewé, ohun tó ṣẹ́ kù kò lè wọlé mọ́. Yóò kàn dì mọ́ ojú ewé ni, bí iyọ̀ ṣe ń dì mọ́ etí ìkòkò tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Ní ọ̀sán gangan, ẹ̀kán omi kan lè gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ó sì ti ń gbẹ ni agbára ohun tó wà nínú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí tí yóò fi máa fa omi jáde kúrò lára ewé fúnra rẹ̀. Etí àti ṣóńṣó ewé, níbi tí ẹ̀kán omi máa ń ṣàn jọ sí, ló sì sábà máa ń jóná. Ó dùn mí pé ẹni tó ta ọjà náà kò sọ èyí fún yín.

Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa fín in, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀ tí òjò kò sì ṣú. Ìrì òru yóò tún sọ èyí tó ti gbẹ di omi, ewé yóò sì tún rí díẹ̀ mu. Gíráàmù 3 sí 5 zinc sulphate ló tó fún lítà omi kan, èyí tí í ṣe gíráàmù 45 sí 75 fún tánkì lítà 15. Ẹ fi ọṣẹ olómi tó kún ṣíbí kan sí i, kí omi lè tẹ́ sórí ewé dípò kí ó máa yí dànù. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọṣẹ tó pọ̀ a máa ba ìbora ewé jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí ebè mélòó kan, kí ẹ sì dúró fún ọjọ́ méjì.

Ẹ má retí pé ìlà funfun yẹn yóò tún padà di aláwọ̀ ewé. Ewé tí yóò yọ lẹ́yìn èyí ni kí ẹ máa wò. Síńkì kì í sì í rìn púpọ̀ láti ewé kan dé òmíràn, nítorí náà ẹ óò tún un fín lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1916, M. O. Johnson ròyìn láti Hawaii pé ọ̀pẹ̀yìnbó tó ń pọ́n lórí ilẹ̀ tí manganese pọ̀ sí ń padà di tútù bí wọ́n bá fín omi iron sulphate, tó ní irin nínú, sí ewé rẹ̀. Irin wà nínú ilẹ̀ ọ̀hún, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò rí i lò. Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí síńkì lóko yín bí eérú tàbí ajílẹ̀ phosphorus bá ti pọ̀ jù, nítorí náà ẹ gbé erùpẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó gbin ti ọdún tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní Ìdànrè. Ṣé mo lè fi ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ń fín sí ewé rọ́pò ti inú àpò?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ wo àgbàdo: hẹ́kítà kan lè gba nitrogen tó kìlógírámù 100, ṣùgbọ́n síńkì tí yóò lò kò tó ìlàjì kìlógírámù kan. Ẹnu ọ̀nà ewé gba èkejì. Bí ẹ bá ní kí ẹ ti inú ewé kó ti àkọ́kọ́ wọlé, ewé yóò jóná kí ó tó rí ìdá díẹ̀ mu. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kòkó rí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ewé kòkó yín tuntun tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì tẹ̀ bíi dòjé, síńkì ló sábà máa ń wọ́n wọn, fífín sí ewé yóò sì wúlò. Abẹ́ ewé nìkan ni kòkó ní ihò ìmí sí, nítorí náà ẹ kọ ẹnu ọ̀pá tí oògùn ń gbà jáde sókè, kí ó lè kan abẹ́ ewé. Ẹ fín in nígbà tí ewé tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti inú pupa bọ́ sí àwọ̀ ewé, kí ìbora rẹ̀ tó nípọn.