Ọkọ̀ Mi Ń Gbọ̀n Láti Ìgbà Tí Wọ́n Ti Fọ Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla ọdún 2004 ni mo ń wà. Nígbà tí eruku ọyẹ́ ti bo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tán, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ mọ́tò ní ọjọ́ Sátidé, mo sì ní kí wọ́n bá mi fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi ni wọ́n lò. Ọkọ̀ náà sítáàtì, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, kò lágbára láti gun òkè mọ́, iná Check Engine sì ń ṣẹ́jú. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra kóìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń sọ iná bátìrì di alágbára. Èkejì ní omi ti ba ọpọlọ ọkọ̀ jẹ́. Owó oṣù mi kò ká èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ta ni kí n gbà gbọ́? Olùkọ́ kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú ìdààmú o. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ohun tí mo dì mú ni pé ọkọ̀ yín kò gbọ̀n kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Kóìlì mẹ́rin kì í panu pọ̀ kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Omi tó kù sínú ihò púlọ́ọ̀gì, ohun tó ń ta iná sí epo, ni mo fura sí, kò sì sí owó tí ẹ ó san láti fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Bí ẹ bá ṣí ìdérí ọ̀rá dúdú tó wà lórí ẹ́ńjìnnì náà, ẹ óò rí kóìlì mẹ́rin tó tò tẹ̀ léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó lé púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ lórí. Púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ kò sí ní gbangba. Ìsàlẹ̀ ihò kan tó jìn ju ìka ọwọ́ lọ ló wà, rọ́bà kóìlì ló sì dí ẹnu ihò náà. Rọ́bà yìí tó láti lé eruku àti ìta omi díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dúró de omi tí ẹ̀rọ ń fi agbára tì, pàápàá lára ọkọ̀ tó ti pé ogún ọdún, tí rọ́bà rẹ̀ ti gan. Bí omi bá wá wọlé tán, rọ́bà kan náà ni kì í jẹ́ kó jáde: ooru ẹ́ńjìnnì á gbé e dìde, á di òógùn sí abẹ́ rọ́bà bí òógùn abẹ́ ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀, á sì tún kán padà sísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ mìíràn fi ń gbọ̀n fún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́.

Iná bátìrì kò ju bíi fóltì 12 lọ, ṣùgbọ́n kóìlì a máa sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí ó tó lè fo àlàfo tóóró tó wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, kí ó sì tan epo. Omi ọṣẹ tó ti pò mọ́ eruku rọ iná lọ́rùn ju àlàfo yẹn lọ, nítorí náà iná á yà bàrá sára irin ihò, epo inú sílíndà náà, ìyẹn ihò inú ẹ́ńjìnnì tí epo ti ń jó, kò ní í jó, ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn á wá máa fi mẹ́ta tiro. Òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní mísìn.

Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Bí iná Check Engine bá tàn tó sì dúró lójú kan, ẹ lè rọra wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, ẹ páàkì. Epo tí kò jó nínú sílíndà ń bá èéfín lọ sínú kátálíìsì, ohun tó ń sẹ́ èéfín lábẹ́ ọkọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti lọ jó, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ inú kátálíìsì náà, ẹrù tó wọ́n ju kóìlì lọ.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Sípánà nọ́ńbà 10 ni yóò tú bóòtù kan ṣoṣo tó di kóìlì kọ̀ọ̀kan mú. Ẹ rọra tẹ ìkọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà rẹ̀, nítorí ọ̀rá àtijọ́ máa ń kán, kí ẹ yí kóìlì díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, kí ẹ tó fà á sókè. Bí ìdí rẹ̀ bá jáde tí omi ń kán tótó, ọwọ́ ti tẹ olè. Ẹ má tíì tú púlọ́ọ̀gì o! Bí ẹ bá tú u kí ihò tó gbẹ, inú sílíndà ni omi náà yóò rọ́ sí. Ẹ bẹ fọganáísà kó fi atẹ́gùn tó fi ń fẹ́ táyà fẹ́ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹni tó ń fẹ́ ẹ gbé ojú kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì nu kóìlì, kí ẹ sá a fún bíi wákàtí méjì.

Nígbà tí ẹ bá ń nù ún, ẹ wo rọ́bà náà dáadáa. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀, tàbí lára tánganran funfun púlọ́ọ̀gì, túmọ̀ sí pé iná ti la ọ̀nà síbẹ̀. Gbígbẹ nìkan kò ní í wò ó sàn, pípààrọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì lẹ bá nínú ihò dípò omi, rọ́bà abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí tó sé ọ́ìlì mọ́ orí ẹ́ńjìnnì, ló ti jẹ, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó fọ mọ́tò kọ́ nìyẹn.

Bí ó bá ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò sí i. Mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ náà bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kóòdù P0301 dé P0304 tí ẹ̀rọ náà bá gbé jáde máa ń dárúkọ sílíndà tó ń mísìn. Ká ní P0302 ló jáde: ẹ gbé kóìlì kejì sí ipò kẹrin, kí ẹ gbé kẹrin sí ipò kejì, kí ẹ pa kóòdù náà rẹ́, kí ẹ tún sítáàtì. Bí ó bá di P0304, kóìlì náà ti bàjẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ ó rà. Bí ó bá dúró sí P0302, kóìlì jàre, ẹ lọ wo púlọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá kọ̀ láti ṣe ìyẹn, tó ṣáà ní kí ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó yín ló fi ń dánwò.

Ní tèmi, n kò rí oore tí omi alágbára ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì ju kó dán lójú ẹni tó fẹ́ rà á lọ. Aṣọ tútù àti búrọ́ọ̀ṣì tó. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó ń jẹ rọ́bà.

ÌBÉÈRÈ: Camry 1994 ni tèmi, èyí tí a ń pè ní Orobo. Wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ń yí bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò mú rárá. Olùkà kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Disítíríbútọ̀ ló ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára tiyín, nítorí náà bí omi bá wọ abẹ́ ìdérí rẹ̀, gbogbo wọn lè dákẹ́ pọ̀. Ẹ ṣí ìdérí náà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan tó sì há gbagidi, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí omi ti gba ẹnu áyà fítà, ohun tó ń sẹ́ atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń fà, dé inú sílíndà, omi kì í sì í ṣeé tẹ̀ bí atẹ́gùn. Bí ẹ bá fi tipátipá yí i, irin inú rẹ̀ lè wọ́. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí omi lè rí ibi jáde.